Àǹpílì oníláǹpù fún jìtá: bí ẹ ṣe lè rí èyí tó dára rà ní Àjàṣẹ́ láìná owó gọbọi

Àǹpílì oníláǹpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá sókè) àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà kò lò tó ìṣẹ́jú méjì lórí iná Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kó tó jóná. Ọwọ́ oníṣòwò tòkunbọ̀ kan ní Kútọnu ni mo ti rà á. Mo gbé e sáàárín itan lórí zém, ìyẹn ọ̀kadà, títí mo fi délé, mo so ó mọ́ iná, àwọn láǹpù ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, inú mi sì dùn. Kí n tó mú jìtá, òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó ti gba yàrá kan.

Nígbà tí bàbá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa tú u, ohun méjì ló fi hàn mí. Àkọ́kọ́ ni àkọlé kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀: 120 V, 60 Hz. Àǹpílì Amẹ́ríkà ni, èmi sì lọ gbé e ka orí iná 220 fóltì. Èkejì ló dùn mí jù. Ẹni tó ní in ṣáájú mi ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíùsì tó ti kú, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Fíùsì tí ì bá kú kí àǹpílì má bàa kú, wọn ò fún un láyè láti kú. Bàbá ní, “Ọmọ mi, iná ni kí o kọ́kọ́ wò kí o tó wo ẹ̀rọ.”

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí iye wọ́ọ̀tì, ìyẹn ìwọ̀n agbára rẹ̀. Iná ni màá kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà ibi tí ẹ ó ti máa lò ó, kí a tó wá kan owó.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: láǹpù yìí, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní tíúbù, ìgò kékeré kan ni tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Irin inú rẹ̀ máa ń gbóná, iná á sì máa fò láti ara irin kan lọ bá èkejì. Láàárín àwọn méjèèjì ni wáyà kan wà tó dà bí asẹ́. Ohùn jìtá tó ń bọ̀ lọ́wọ́ yín ló ń ṣí asẹ́ náà tó tún ń pa á dé. Lee De Forest ará Amẹ́ríkà ló fi asẹ́ yẹn sí i ní 1906. Ní ìparí 1947 ni tiransísítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ láǹpù láìní ìgò, dé, ọdún kan náà tí Wòlíì Oshoffa dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Tiransísítọ̀ lé láǹpù kúrò nínú rédíò, ó lé e kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ kò rí i lé kúrò lẹ́yìn àwa tí à ń ta jìtá. Ohun tó fà á ni pé láǹpù ń tẹ̀ lé ọwọ́. Ẹ fọwọ́ kan okùn jẹ́jẹ́, ohùn á mọ́ gaara. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohùn á ki, á ha díẹ̀, bí ọ̀nà ọ̀fun akọrin tí orin ti wọ̀ lára.

Ìgbésẹ̀ kìíní: iná ilé yín

Iná tó ń wọ ilé wa jẹ́ 220 fóltì, 50 Hz. Ẹ yí ẹ̀yìn àǹpílì padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Tí ẹ bá rí 220, 230 tàbí 240 V, ó ti bọ́ sí i. Àwọn mìíràn ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí i láti 120 sí 230. Tí ó bá jẹ́ 120 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ nílò tiransífọ́mà tó ń sọ 220 di 110, èyí sì tún di ẹrù kejì tí ẹ ó máa gbé kiri. Ẹ má sì fi wọ́ọ̀tì ohùn ra tiransífọ́mà yẹn o. Àǹpílì tó ń sọ 15 wọ́ọ̀tì jáde lẹ́nu sípíkà ń jẹ iná tó pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, torí gbogbo láǹpù inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbóná. Iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ pé ó ń jẹ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì ra tiransífọ́mà tó lè gbé ìlọ́po méjì rẹ̀. Ní tèmi, àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ fi ta ọ̀pọ̀ gan-an ni mo fi ń wo 120 lójú.

Iná tó wálẹ̀ ni wàhálà kejì. Irin tó ń gbóná nínú àwọn láǹpù jìtá ń lo 6.3 fóltì, ó sì lè fara da kó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín tàbí kó fi lé. Tí wọ́n bá ṣe àǹpílì yín fún 230, tí iná àdúgbò sì wálẹ̀ sí 180 lálẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá ń lo fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, 6.3 yẹn ti di bíi 4.9. Láǹpù kò ní gbóná tó, ohùn á rọ, tó bá sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, láǹpù á gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹ yá multimètre, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, lọ́wọ́ ẹni tó ní i, kí ẹ wọn iná yín láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá ń wálẹ̀ kọjá 205, ẹ fi owó régulateur, ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró sójú kan, kún owó àǹpílì. Kò sí àǹpílì tí owó rẹ̀ kéré lójú ẹni tó ń pààrọ̀ láǹpù ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà nílùú yìí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kò ní terre, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Irin okùn jìtá yín so mọ́ ara irin àǹpílì. Tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú àǹpílì tí kò ní terre, iná á dé ara okùn, ẹ lè má tètè mọ̀ bí ẹ bá wọ bàtà rọ́bà. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ètè kan máìkì pẹ̀lú jìtá lọ́wọ́ ni ẹ ó mọ̀. Ẹ má gé irin kẹta kúrò lára pílọ́ọ̀gì nítorí pé kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wá rì terre mọ́lẹ̀ fún yín, ẹ ní kó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n lójú yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: wọ́ọ̀tì mélòó?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àǹpílì 50 wọ́ọ̀tì á ké ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti 5 wọ́ọ̀tì lọ. Etí wa kì í ṣírò báyẹn. Tí agbára bá di ìlọ́po méjì, desibẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ké tó) mẹ́ta ló fi lé, etí á kàn mọ̀ pé ó sókè díẹ̀ ni. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, 50 yẹn kò ké ju ìlọ́po méjì 5 lọ.

Ohun tí wọ́ọ̀tì ń rà fún yín gan-an ni àyè: bí ẹ ṣe lè yí i sókè tó kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Torí náà irú orin tí ẹ ń ta ló yẹ kó pinnu. Jùjú àti orin ìjọ ń fẹ́ ohùn tó mọ́, tó ń dún bí agogo, tí kò ní ha bí gángan àti ìlù bá gbóná tó wù kó gbóná. Àǹpílì 5 wọ́ọ̀tì kò lè ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù. Yóò ti máa ha kí àwọn èèyàn tó gbọ́ ọ. Láti 15 sí 30 wọ́ọ̀tì ni kí ẹ máa wò. Tó bá jẹ́ rọ́ọ̀kì tàbí blues ni ẹ fẹ́ràn, tí ó jẹ́ ohùn tó ń ha yẹn gan-an ni ẹ ń wá, 5 wọ́ọ̀tì nínú yàrá ti tó láti jí aládùúgbò. Ibi ìsìnkú àgbà lábẹ́ àgọ́ ńkọ́? Ẹ má torí ẹ̀ ra àǹpílì ńlá. Ẹ fi máìkì síwájú èyí tí ẹ ní, kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn àgọ́ gbé e lọ.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí yóò ra ẹyọ kan ṣoṣo, tí yóò máa lò ó nílé àti ní ìjọ: 15 wọ́ọ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: sípíkà

Ibí ni owó kékeré ti ń ṣiṣẹ́ owó ńlá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń rà kì í wò ó. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní iye desibẹ́ẹ̀lì tó ń sọ jáde bí a bá fún un ní wọ́ọ̀tì kan, tí a sì wọ̀n ọ́n láti mítà kan. Celestion Vintage 30 jẹ́ 100; G12M Greenback jẹ́ 98. Sípíkà tó fi desibẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ju èkejì lọ dà bí ìgbà tí ẹ sọ wọ́ọ̀tì yín di ìlọ́po méjì láìna kọ́bọ̀ lórí láǹpù. Àǹpílì 15 wọ́ọ̀tì pẹ̀lú sípíkà ínǹṣì 12 tó dára lè bo 30 wọ́ọ̀tì tí sípíkà rẹ̀ kò jámọ́ nǹkan mọ́lẹ̀. Ínǹṣì 8 máa ń dún bíi rédíò inú àpótí; ó dára fún ìdánrawò, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ kì í sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé láǹpù ni lóòótọ́?

Àwọn àǹpílì kan wà tí láǹpù kan ṣoṣo wà nínú wọn níwájú, tí tiransísítọ̀ sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ agbára lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ Marshall Valvestate rí bẹ́ẹ̀, Orange Micro Terror náà rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú, Micro Terror wúlò gan-an fún ẹni tí kò lówó, ṣùgbọ́n ẹ má san owó oníláǹpù lórí wọn. Ẹ ka láǹpù ẹ̀yìn. Oníláǹpù gidi ní oríṣi méjì: láǹpù ohùn, kékeré, tí a kọ 12AX7 tàbí ECC83 sí lára (ohun kan náà ni, orúkọ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ni), àti láǹpù agbára, tó ga tàbí tó sanra jù ú lọ: EL84, 6V6, EL34 tàbí 6L6.

Mo fẹ́ràn EL84 fún wa níbí. Ó wà káàkiri, owó rẹ̀ máa ń dín sí ti EL34, ọ̀pọ̀ àǹpílì kékeré ló sì ń lò ó. VOX AC15 ní méjì, Fender Blues Junior ní méjì pẹ̀lú 12AX7 mẹ́ta àti sípíkà ínǹṣì 12, Bugera V22 ní méjì, Peavey Classic 30 ní mẹ́rin. Bugera V5 ní ẹyọ kan, ó sì ní bọ́tìnnì tó lè sọ 5 wọ́ọ̀tì di 1 tàbí 0.1, èyí tó dára fún ẹni tó ń gbé ilé alágbàlá tí ọmọdé ń sùn sí. Marshall DSL20 ń lo EL34 méjì. Blues Junior tàbí AC15 tòkunbọ̀ tó jẹ́ 230 fóltì ni èmi máa kọ́kọ́ wá. Bí mi ò bá rí wọn, V22.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó

Ẹ jẹ́ ká ní 300,000 sẹ́fà ló wà lọ́wọ́ yín. Euro kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í yí padà, nítorí náà owó yín jẹ́ bíi 457 euro. Tí ẹ bá rí àǹpílì 450 euro lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sọ pé owó yín ká a. Owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù ò tíì wọlé, àǹpílì oníláǹpù sì wúwo nítorí irin tiransífọ́mà inú rẹ̀. Nínú 300,000, èmi ò ní jẹ́ kí àǹpílì fúnra rẹ̀ kọjá 200,000. Ìyókù wà fún régulateur, láǹpù ìfipamọ́ (ó kéré tán 12AX7 kan àti EL84 méjì tó bára mu), fíùsì, àti owó bàbá atúnrédíò-ṣe. Ọ̀kadà tí a ra láìní owó epo kò lè gbé ẹnikẹ́ni débì kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìdánwò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á

Ẹ gbé jìtá yín àti wáyà yín dání. Ẹ lọ lọ́sàn-án. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà pé kó má tan àǹpílì kí ẹ tó dé, bí ẹ bá sì dé, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan orí rẹ̀. Tí ó bá ti gbóná, ẹ jókòó dè é kó tutù, torí àìsàn kan wà tó jẹ́ ìgbà tí àǹpílì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí nìkan ló máa ń hàn.

Kí iná tó wọ̀ ọ́, ẹ yọ fíùsì rẹ̀ jáde. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ wò ó bóyá fíùsì gidi ni, bóyá iye tó wà lára rẹ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn àǹpílì mu. Ẹ fi imú sún mọ́ ọn: tiransífọ́mà tó ti jóná kì í fi òórùn rẹ̀ pamọ́. Ẹ wo orí láǹpù kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ohun kan tó ń dán bíi fàdákà nínú ìgò. Tí fàdákà yẹn bá ti di funfun bíi wàrà, afẹ́fẹ́ ti wọ inú láǹpù náà, ó ti kú. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ti bébà sípíkà wọlé jẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ ha.

Ẹ wá tàn án. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wo ẹ̀yìn. Iná pupa rúsúrúsú kékeré nínú àárín láǹpù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ìmọ́lẹ̀ aró lára ìgò láǹpù agbára kò burú. Ṣùgbọ́n bí irin eérú tó fẹ̀, tó yí inú láǹpù agbára ká, bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Láìso jìtá mọ́ ọn, ẹ yí ohùn sókè. Ariwo bí atẹ́gùn díẹ̀ kò burú. Tí ó bá ń kùn “ùùùn” tó ga, tí kò sì lọ bí ẹ ti yí ohùn wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn condensateur rẹ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, ló ti gbó. Wọ́n ṣeé pààrọ̀, àmọ́ ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó tí ẹ ó san.

Lẹ́yìn náà, báírò. Láìpẹ́ yìí mo bá àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lọ wo àǹpílì kan nítòsí ọjà Ouando. Ohùn rẹ̀ dùn, ọmọ náà ti ń yọ owó lápò. Mo ní kó dúró. Mo mú báírò, mo fi ìdí rẹ̀ kan láǹpù ohùn àkọ́kọ́ fẹ́ẹ́: “tọ́”, kò sí nǹkan. Mo kan ìkejì, sípíkà dáhùn “gìììn”, bí ẹni pé mo lu agogo, ó sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí mo ti gbọ́wọ́ kúrò. “Ẹ̀gbọ́n, ó ń ké!” Ó ń ké lóòótọ́. Irin inú láǹpù yẹn ti dẹ̀, ó ti di máìkì, tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, á máa hu fúnra rẹ̀. Àìsàn láǹpù kan péré ni, kì í ṣe ti àǹpílì. A fi hàn ẹni tó ń tà á, kò bá wa jiyàn, ó yọ owó láǹpù tuntun kúrò, a sì gbé e lọ. Àbúrò yẹn ṣì ń fi í ta jìtá lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì. Tí wọ́n bá ń ha “kàràkàrà”, eruku ni, oògùn fífọn tí àwọn atúnrédíò-ṣe ń lò á wẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, ẹ ta á fún ìdajì wákàtí, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú. Àǹpílì tó ń dún dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ohùn rẹ̀ wá ń relẹ̀ bó ti ń gbóná sí i, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tó bá délé

Ẹ má tan àǹpílì oníláǹpù láé láìsí sípíkà lára rẹ̀. Ti tiransísítọ̀ sábà máa ń fara dà á. Ti láǹpù, tiransífọ́mà tó ń gbé ohùn jáde lè jó, òun sì wà lára ohun tó wọ́n jù nínú àpótí yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ lo sípíkà mìíràn, kí ómù rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) bá èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn mu, 4, 8 tàbí 16, kí ẹ sì lo wáyà sípíkà, kì í ṣe wáyà jìtá, bí ẹnu wọn tilẹ̀ jọra.

Láǹpù ohùn, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín bí ẹ bá ti pa àǹpílì, tó sì ti tutù. Láǹpù agbára inú àwọn kékeré tó ní ẹyọ kan ṣoṣo náà sábà máa ń rọrùn. Ti EL34 àti 6L6 sábà máa ń fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún iná rẹ̀ wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí inú irin rẹ̀. Fóltì tó wà níbẹ̀ lè tó 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn condensateur sì ń fi í pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ọwọ́ bàbá atúnrédíò-ṣe ni iṣẹ́ yẹn wà. Àwọn àgbà nínú wọn ló kọ́ṣẹ́ lórí rédíò oníláǹpù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju bí ẹ ti rò lọ.

Lákòókò ọyẹ́, ẹ da aṣọ bò ó bó bá ti tutù, nítorí eruku. Lákòókò òjò, ọ̀rinrin ọ̀sà wa yìí ń jẹ ẹsẹ̀ láǹpù. Ẹ máa tàn án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹ ò bá tilẹ̀ ní ohun tí ẹ fẹ́ ta. Ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ògiri, ooru gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Ẹ gbé e ka àga kí sípíkà kọjú sí etí yín dípò orúnkún yín, ẹ ó rí i pé ẹ ò nílò láti yí i sókè tó bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Bí iná bá lọ láàárín orin, ẹ pa bọ́tìnnì àǹpílì kíá, torí iná tó ń padà bọ̀ sábà máa ń fò sókè kó tó fìdí múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá lẹ́yìn tó bá dé. Bí ètò bá sì ti parí, ẹ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà, kó lè ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti tutù kí ẹ tó pe zém, nítorí irin inú láǹpù tó ṣì gbóná ò lè gba gbíngbọ̀n ojú ọ̀nà.